Àwọn ọ̀dọ́ ti wọ inú fóònù lọ, alábòójútó wọn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, àdúgbò tí èmi fúnra mi ń gbé ló ti ṣẹlẹ̀. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kí n tó kọ ọ́, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan wà ládùúgbò wa tó máa ń pàdé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, àwọn àgbà inú wọn sì ń ran àwọn àbúrò lọ́wọ́ láti múra sílẹ̀ fún WAEC. Olùkọ́ kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló ń darí wọn. Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n.

Lóru ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, nǹkan bí aago mọ́kànlá àbọ̀, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 16 kan nínú ẹgbẹ́ náà kọ̀wé sí Tíṣà lórí WhatsApp: "Ẹ kú alẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti sùn?" Tíṣà dá a lóhùn pé àwọn kò tíì sùn. Ọmọ náà ń kọ, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń kọ. Nígbà tó yá ló tú ọ̀rọ̀ síta. Ọmọbìnrin kan ló bá a dọ́rẹ̀ẹ́ lórí Instagram. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi jọ ń sọ̀rọ̀. Ẹni náà fi àwòrán ìhòòhò ránṣẹ́ sí i, ó ní kí òun náà fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọ yìí sì fi ránṣẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ohùn fi yí padà: bí kò bá san ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni yóò rí àwòrán náà.

Tíṣà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń fi owó ara wọn ra bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe lóru ọjọ́ náà, àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ fún mi. Wọ́n kọ́kọ́ bá ọmọ wí: "Kí ló gbé ọ débẹ̀? Ṣé ohun tí mo ń kọ́ yín nìyẹn?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ó pa gbogbo ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kí ó pa fóònù rẹ̀, kí ó lọ sùn, pé ó di àárọ̀. Ọmọ gbọ́ràn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rí ti lọ. Kò sí orúkọ tí oníjìbìtì náà ń jẹ́, kò sí nọ́ńbà àkáǹtì tó ní kí wọ́n sanwó sí. Àwòrán sì ti dé ọwọ́ ọmọ kíláàsì mẹ́ta. Oṣù méjì gbáko ni ọmọ náà kò fi yọjú sí ìpàdé.

Tíṣà sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí n kò lè gbàgbé. Wọ́n ní: "Ká ní odò ni ọmọ yẹn já sí ni, ǹ bá ti bẹ́ sínú ẹ̀, torí mo mọ̀ ọ́n wẹ̀. Odò tó já sí yìí, èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n wẹ̀."

Kí la ó máa pè é?

Iṣẹ́ ìtumọ̀ wà lára iṣẹ́ mi nílé ìwé ìròyìn yìí. Kò pẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀gá mi gbé ìwé kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n wò ó bóyá ohun tó wúlò fún ẹ̀yin òǹkàwé wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síwájú ìwé náà ni "digital youth work". Mo jókòó tì í títí. Ẹni tí Òyìnbó ń pè ní "youth worker" yẹn gan-an, kí là ń pè é lọ́dọ̀ tiwa? Ní ṣọ́ọ̀ṣì, olórí ọ̀dọ́ ni. Nílé kéú, àfáà ni. Lórí pápá, kóòṣì ni. Nínú Boys' Brigade àti Girl Guides, ọ̀gá ni. Àwọn àgùnbánirọ̀ náà ń ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde lọ ṣiṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Orúkọ ló pọ̀, iṣẹ́ kan náà ni. Alábòójútó ọ̀dọ́ ni mo wá fi pe gbogbo wọn.

Apá kejì ló tún le jù. Mo kọ́kọ́ kọ "iṣẹ́ àbójútó ọ̀dọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì", mo sì rò pé mo ti ṣe tán. Nígbà tí mo ka ìwé náà parí, mo fa igi lé e. Àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kó jọ, tí wọ́n gbé ìwé yẹn jáde ní 2018, là á mọ́lẹ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Iṣẹ́ àbójútó tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni, ì báà jẹ́ lójúkojú, ì báà jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ní ẹ̀rọ ń gbà wọ inú rẹ̀. Ó lè jẹ́ irinṣẹ́, bí ìgbà tí a bá fi WhatsApp pe ìpàdé. Ó lè jẹ́ ohun tí a jọ ń ṣe, bí ìgbà tí àwọn ọmọ bá fi fóònù ya fídíò nípa gọ́tà tó dí ládùúgbò wọn. Ó sì lè jẹ́ ohun tí a jọ ń sọ̀rọ̀ lé lórí, bí ìgbà tí a bá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láìsí fóònù kankan lọ́wọ́, tí a ń ṣàlàyé bí oníjìbìtì ṣe ń dẹ okùn fún ọmọ. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rántí, bẹ́ẹ̀ òun ni kì í ná wa ní kọ́bọ̀.

Orílẹ̀-èdè Finland ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Láti 2004 ni ìlú Helsinki ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ Netari, tí àwọn alábòójútó ọ̀dọ́ fi ń lọ bá àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tún ní ibùdó kan tó ń jẹ́ Verke. Àwọn alábòójútó ni ibùdó yìí wà fún, láti máa dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n lè mọ ọ̀nà àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́. Ní ìparí 2019, nígbà tí Finland wà lórí àga alága, àwọn mínísítà Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́?

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ alábòójútó ọ̀dọ́ ni kì í gba owó oṣù. Ìfẹ́ ọmọ ni wọ́n fi ń ṣe é. Iṣẹ́ orí fóònù yìí kò sì rọra bá wọn, ńṣe ló já lù wọ́n. Nígbà tí ìjọba ti Èkó àti Àbújá pa ní March 30, 2020 nítorí Kòrónà, ẹni tí kò dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀ rí láyé rẹ̀ di olórí ẹgbẹ́ ọlọ́mọ ọgọ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ìjọba tún ti Twitter pa ní June 2021, tí kò ṣí i títí di January 2022, àwọn ọmọ ti ń gba ẹ̀yìn wọlé pẹ̀lú VPN nígbà tí àwa àgbà ṣì ń bi ara wa pé kí ni VPN.

Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT ní 2023 láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kò tíì mọ ohun tí yóò ṣe bí ẹnì kan bá dúnkookò mọ́ ọn lóru. Àgbà tó ṣeé sá tọ̀ ló nílò, àgbà náà sì nílò ẹni tí yóò kọ́ òun.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ àdúgbò wa jẹ́ ẹyọ kan. Ní July 2024, ilé iṣẹ́ Meta, àwọn tó ni Facebook àti Instagram, kéde pé àwọn ti pa nǹkan bí 63,000 àkáǹtì Instagram rẹ́ ní Nàìjíríà, nítorí pé wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe irú jìbìtì àwòrán ìhòòhò yìí gan-an. Ṣáájú ìyẹn, ní March 2022, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà kú láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn. Ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ ìyá méjì láti Èkó ni wọ́n mú lọ sí Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní September 2024, ilé ẹjọ́ jù wọ́n sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́tàdínlógún àti oṣù mẹ́fà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ogún ọdún àti díẹ̀ ni àwọn náà.

Ẹ jẹ́ ká ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ rò ó bọ̀. Ọmọ tí wọ́n ń lù ní jìbìtì wà nínú ẹgbẹ́ wa. Ọmọ tí wọ́n ń kọ́ láti lu ẹlòmíràn ní jìbìtì lè jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Alábòójútó tí kò mọ ohun tó ń lọ nínú fóònù kò ní rí ìkankan nínú àwọn méjèèjì.

Ohun tó yẹ kí alábòójútó mọ̀

Mo bá àwọn olùkọ́, kóòṣì àti olórí ọ̀dọ́ mélòó kan sọ̀rọ̀, mo sì tún padà sínú ìwé tí mò ń túmọ̀. Ohun tó yé mi ni pé kò pọn dandan kí alábòójútó mọ gbogbo bọ́tìnnì tó wà lórí fóònù. Nǹkan mẹ́rin péré ni yóò kọ́.

Àkọ́kọ́ ni bí a ṣe ń gba ọmọ tó wà nínú ìjàngbọ̀n mọ́ra. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àgbà ló máa sọ bóyá ọmọ yóò sọ ìyókù. "O ṣeun tí o sọ fún mi. Ìwọ nìkan kọ́ ni. A máa jọ yanjú ẹ̀." Ìbáwí lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ó má sanwó, torí ẹni tó bá san lẹ́ẹ̀kan ni wọn yóò tún padà wá bá. Bí ó bá ti sanwó, kí òbí rẹ̀ tètè pe báńkì. Kí ó má pa ohunkóhun rẹ́: kí ó ya fọ́tò ojú fóònù níbi tí ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀, orúkọ ẹni náà àti nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ni kí ó fẹjọ́ àkáǹtì náà sun ilé iṣẹ́ tó ni ìkànnì náà, kí ó tó dí ẹni náà lọ́nà. Kí òbí gbọ́ sí i. Àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè yìí ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, National Cybercrime Centre, ní Àbújá. Ibẹ̀ la ti lè fi ẹjọ́ sùn. Pàtàkì jù lọ, kí alábòójútó má fi ọmọ tí ẹ̀rù ti bà dé góńgó sílẹ̀ ní òun nìkan lóru ọjọ́ náà. Kí àgbà kan wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ilé.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ alábòójútó kò mọ̀: ẹ má ṣe sọ fún ọmọ pé kí ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí yín kí ẹ lè "rí i". Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní 2015, ka àwòrán ìhòòhò ọmọdé sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tó bá ń pín in kiri àti ẹni tó bá ní in lọ́wọ́. Iṣẹ́ àánú lè sọ ènìyàn di ọ̀daràn.

Ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ kan tún wà tó ń jẹ́ Take It Down, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo ọmọdé ló ń ṣe é, ọmọ ilẹ̀ wa náà sì lè lò ó. Àwòrán tí wọ́n yà nígbà tí ẹni náà kò tíì pé ọdún 18 ló wà fún. Àwòrán náà kì í kúrò lórí fóònù ọmọ. Ńṣe ni wọ́n ń gba àmì kan láti ara rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ìka, tí wọ́n á fi àmì náà ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ bíi Facebook, Instagram àti TikTok, kí wọ́n lè máa wá àwòrán náà kí wọ́n sì yọ ọ́. Ẹni tó ti pé ọdún 18 nígbà tí wọ́n ya àwòrán náà lè lo StopNCII, ti àwọn ará Britain. Kò lè yọ ohun tó ti wọ inú WhatsApp ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ń dí ọ̀pọ̀ ọ̀nà.

Ìkejì ni ààlà. Ohun tí a kò lè ṣe lójúkojú, kí á má ṣe é lórí fóònù. Àgbà ọkùnrin kan kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 láago mẹ́wàá alẹ́. Kí ló dé tí yóò máa bá a kọ̀wé ní bòókẹ́lẹ́ lágogo yẹn? Kí olórí ẹgbẹ́ WhatsApp jẹ́ méjì, ó kéré tán. Kí òbí mọ̀ pé ẹgbẹ́ náà wà. Kí àkókò wà tí ọ̀rọ̀ yóò dákẹ́, àyàfi ti pàjáwìrì, kí gbogbo ọmọ sì mọ nọ́ńbà tí wọ́n lè pè bí pàjáwìrì bá dé. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn kọ òfin ẹgbẹ́ náà. Òfin tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn kọ ni wọ́n ń pa mọ́.

Ìkẹta ni àṣírí ọmọ. A fẹ́ràn fọ́tò púpọ̀. Ọmọ gba ẹ̀bùn, a gbé e sí Facebook pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, orúkọ ilé ìwé rẹ̀ àti kíláàsì tó wà. Ẹni ibi kò nílò ju ìyẹn lọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí wọ́n fọwọ́ sí ní June 2023 sì béèrè àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ kí á tó lo ìsọfúnni ọmọdé. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ pẹ̀lú. Kí á sì rántí pé nínú ẹgbẹ́ WhatsApp lásán, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń rí nọ́ńbà ara wọn.

Ìkẹrin ni kí a má fi ọmọ tálákà sílẹ̀ lẹ́yìn. Ní January 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù lè fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìpè àti dátà. Ẹni tó bá ń fi fídíò gígùn ránṣẹ́ sí ọmọ tí kò ní dátà ń lé e jáde nínú ẹgbẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ kíkọ kò gba dátà tó ohùn, ohùn kò gba dátà tó fídíò. Ọmọbìnrin tó ń lo fóònù ìyá rẹ̀ kò lè sọ ohun gbogbo sórí rẹ̀. Ọmọ mìíràn kò ní fóònù rárá. Ìpàdé Sátidé, ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri àti ẹsẹ̀ tí a fi lọ kí ọmọ nílé kò gbọdọ̀ tán.

Báwo la ṣe máa kọ́ ọ?

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ní hòtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n á ti pín ìwé ẹ̀rí àti ráìsì, kì í sábà tẹ̀ lé ènìyàn délé. Ohun tí Tíṣà ṣe kò ná wọn lówó. Wọ́n pe olórí ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, àfáà kan àti kóòṣì bọ́ọ̀lù, wọ́n ní kí àwọn máa pàdé fún wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ wá láìdárúkọ ọmọ, wọ́n á jọ wo ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe. Lẹ́yìn náà, ọmọ méjì nínú ẹgbẹ́ á wọlé wá kọ́ wọn ní ohun kan lórí fóònù: bí wọ́n ṣe ń fẹjọ́ àkáǹtì sùn, bí wọ́n ṣe ń ti ẹgbẹ́ kí àjèjì má wọlé, bí wọ́n ṣe ń wò ó bóyá ìkànnì tó ń pín ẹ̀bùn owó ilé ìwé jẹ́ ayédèrú. Àwọn ọmọ mú bọ́tìnnì wá, àwọn àgbà mú làákàyè wá. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ìpàdé náà tó bẹ̀rẹ̀, Tíṣà ti ṣe nǹkan kan tó le jù ú lọ. Wọ́n lọ sílé ọmọ yẹn. Wọ́n bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì jókòó ti ọmọ náà, wọ́n sọ fún un pé: "Mo ṣì í ṣe lóru ọjọ́ yẹn. O wá bá mi, mi ò gbà ọ́ mọ́ra." Àgbà tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún 16 kò pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ọmọ padà sí ìpàdé. Òun ló kọ́ Tíṣà bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò ojú fóònù.

Ní oṣù tó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn tún wọlé sórí fóònù wọn lóru, láti ọ̀dọ̀ ọmọ mìíràn. N kò ní sọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo kàn bi Tíṣà pé kí ni wọ́n fi dá a lóhùn. Wọ́n gbé fóònù wọn sókè, wọ́n fi ìlà àkọ́kọ́ hàn mí, wọ́n fi ọwọ́ bo ìyókù. Ohun tí wọ́n kọ ni: "O ṣeun tí o sọ fún mi. Mi ò tíì sùn."